Àdúrà tí kò tíì gbà: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí mo ti wà lára àwọn tó ń darí àdúrà ìdájí àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, aago márùn-ún sí mẹ́fà, àfi tí òjò bá pọ̀ jù. Ìbéèrè tó máa ń le jù kì í jáde nígbà àdúrà, ìgbà tí a bá ń to àga padà ni ẹnì kan á rọra fà mí lápá pé "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ mi." Àwọn tó máa ń padà wá jù ni mo kó jọ síbí. Èmi kì í ṣe pásítọ̀ o. Ohun tí mo rí kà nínú Bíbélì àti ohun tí ojú mi ti rí ni mo ń sọ.

Tí mo bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan tí mo sì gbàgbọ́, ṣé kò tó? Wọ́n ní tí èèyàn bá tún un gbà, àìnígbàgbọ́ ni.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ lọ fara balẹ̀ ka Àwọn Ọba Kìíní orí 18. Lórí òkè Kámẹ́lì, Èlíjà gbàdúrà kí iná bọ́, ẹsẹ méjì péré ni gbogbo àdúrà yẹn, iná sì bọ́ lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, ọkùnrin kan náà, lórí òkè kan náà, ó wá ń gbàdúrà fún òjò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki orí bọ àárín eékún rẹ̀, ó ní kí ìránṣẹ́ òun lọ wo apá òkun. Ọmọ náà lọ, ó bọ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó ní padà lọ. Kò sí nǹkan kan. Ó di ẹ̀ẹ̀keje kó tó rí ìkùukùu kékeré kan tó dà bí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn. Ibi tó wá jọ mí lójú ni pé Ọlọ́run ti ṣèlérí òjò yẹn tẹ́lẹ̀, ó wà ní ẹsẹ kìíní orí yẹn gan-an, síbẹ̀ Èlíjà ṣì wólẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un. Ta ló máa wá sọ pé Èlíjà ò nígbàgbọ́?

Kí ló dé tí iná fi yá tí òjò fi pẹ́? Bíbélì ò sọ, èmi náà ò sì ní fi ẹnu mi sọ ọ́. Ti ìránṣẹ́ yẹn ni mo máa ń rò, ẹni tó ń gùnkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú oòrùn, tó ń wá sọ "kò sí" fún ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ipò ọmọ yẹn la wà.

Nínú ìtàn opó àti adájọ́, ṣé Ọlọ́run ni adájọ́ yẹn?

Rárá o! Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwàásù ti ń já sí igbó. Lúùkù 18 sọ ohun tó fa òwe náà kó tó pa á, pé kí a máa gbàdúrà nígbà gbogbo kí a má sì ṣàárẹ̀. Adájọ́ yẹn ò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò ka èèyàn sí. Opó yẹn ò ní lọ́yà, kò ní owó rìbá, kò ní ọkọ tó máa bá a dá sí i, ohun kan ṣoṣo tó ní ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi ń wá lójoojúmọ́. Níkẹyìn adájọ́ ní òun á dá a láre kí wíwá rẹ̀ má baà dá òun lágara. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀, kí wọ́n gbá èèyàn ní ẹ̀ṣẹ́ lábẹ́ ojú ló túmọ̀ sí gan-an, bí ẹni pé odindi adájọ́ ń bẹ̀rù kí ìyá opó má lọ fọ́ òun lójú. Èmi gbà pé àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín.

Ibi tí Jésù ń lọ ni pé bí irú èèyànkéèyàn yẹn bá lè dáhùn nígbẹ̀yìn, mélòó mélòó wá ni Bàbá tó fẹ́ràn yín. Kò sọ pé Ọlọ́run ló jọ adájọ́, ó ní kò jọ ọ́ rárá. Torí náà tí ẹ bá ń gbàdúrà bí ẹni tó fẹ́ fi agídí gba nǹkan lọ́wọ́ ahun, òwe yẹn kọ́ lẹ ń tẹ̀ lé.

Èyí tó wà ní Lúùkù 11 ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rẹ́ kan kan ilẹ̀kùn láàárín òru pé kí wọ́n yá òun ní ìṣù àkàrà mẹ́ta. Ẹni tó ti gbé ilé oní-yàrá-kọjú-sí-yàrá rí mọ̀ ọ́n: ẹ ti pa iná, àwọn ọmọ ti sùn sórí ẹní, ẹnì kan wá ń kanlẹ̀kùn pé ṣé gàárì wà. Onílé ní "má yọ mí lẹ́nu." Bíbélì wa wá ní bí kò tilẹ̀ dìde torí ọ̀rẹ́, á dìde torí *àwíìyánnu* rẹ̀. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe kún ẹnu! Ti Gíríìkì rẹ̀ sún mọ́ àìnítìjú. Ẹ wá wò ó, kì í ṣe ikùn ara rẹ̀ ló mú ọkùnrin yẹn jáde lóru, àlejò ló dé bá a tí kò sí oúnjẹ nílé. Ẹlòmíì ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ máa fi ìyẹn sọ́kàn tí ẹ bá ń ka kókó àdúrà yín tó jẹ́ pé "tèmi, tèmi" ló kún inú rẹ̀.

Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín kéèyàn tẹra mọ́ àdúrà àti àtúnwí asán?

Mátíù 6 ni Jésù ti ní ká má ṣe àtúnwí asán. Nínú Mátíù yìí náà, orí 26, ní Gẹtisémánì, Jésù kan náà gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Torí náà, kí ọ̀rọ̀ jọra kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tí Jésù ń bá wí níbẹ̀ rò pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni Ọlọ́run á ṣe gbọ́ tiwọn tó.

Mo wà níbi iṣọ́ òru kan rí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n ní ká sọ gbólóhùn kan ní ìgbà igba. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi ìka kà á, nígbà tó yá ó fi ìgúnpá gún mi pé "ẹ jọ̀ọ́, iye wo la dé?" Mi ò mọ̀. Ẹ̀wà tí mo rẹ sílé ni mo ti ń rò látìgbà tá a ti kà á dé bí ogójì.

Ìyá tó bí mi lọ́mọ, àdúrà kan ló ń gbà fún àbúrò mi ọkùnrin fún ọdún mọ́kànlá. Àbúrò mi bá bàbá wa jà, ó kó ẹrù, ó lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Màámi ní ìwé eksasáìsì kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, orúkọ rẹ̀ ló máa ń wà lórí ìlà àkọ́kọ́ ní gbogbo ojú ewé. Á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á sọ pé "Olúwa, ibi tó bá wà, jẹ́ kó jẹun lónìí." Ó parí. Ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́, tí ohùn rẹ̀ á tún máa gbọ̀n níbi "kó jẹun." Ẹ wá sọ fún mi pé àtúnwí asán nìyẹn.

Ṣé dandan ni kí n pariwo? Wọ́n ní àdúrà jẹ́jẹ́ kì í lọ òkè.

Kò sí ẹni tó tẹra mọ́ àdúrà tó Hánà nínú Bíbélì, Sámúẹ́lì Kìíní orí 1. Ọmọ ló ń wá, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀, débi pé Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí yó. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ sí Ṣílò, ọdọọdún ni orogún rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín. Ibi tó sì wú mi lórí nínú ìtàn yẹn kì í ṣe ìgbà tí ọmọ dé. Ẹsẹ 18 ni, pé nígbà tó gbàdúrà tán ó lọ jẹun, ojú rẹ̀ ò sì fà ro mọ́. Oyún ò tíì sí o.

Orúkọ Hánà yìí náà ni wọ́n fún ìyá Àjàyí Crowther nígbà tó ṣèrìbọmi ní Abẹ́òkúta ní 1848. Wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lẹ́rú ní 1821, ó di 1846 kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn, Sámúẹ́lì sì ni wọ́n ti ń pe ọmọ náà nígbà yẹn. Sámúẹ́lì náà ni ọmọ tí Hánà inú Bíbélì bí, ẹ ò rí i bí orúkọ yẹn ṣe bá ìyá náà mu.

Tó bá wù yín kẹ́ ẹ pariwo, ẹ pariwo. Bátímáù náà pariwo, wọ́n ní kó dákẹ́, ó tún wá fi kún un. Àmọ́ ẹ ro ti aládùúgbò tó ní iṣẹ́ àárọ̀.

Ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ 21, ṣé ó máa ń jẹ́ kó tètè gbà?

Dáníẹ́lì orí 10 ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Ẹ kà á fúnra yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé òun ò jẹ oúnjẹ aládùn, ẹran àti wáìnì ò kan òun lẹ́nu. Kò sọ pé òun gbẹ ẹnu pátápátá fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Áńgẹ́lì tó wá bá a tún sọ pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé ọmọ aládé Páṣíà ló dá òun dúró lọ́nà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ o, kì í ṣe ọjọ́ kọkànlélógún. Èmi náà máa ń gbààwẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí ọkàn mi pa pọ̀, àmọ́ kì í ṣe owó tí à ń san fún Ọlọ́run. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹ jẹun jàre.

Mo ń gbàdúrà fún ìwòsàn. Ṣé kí n dá oògùn BP dúró kí ìgbàgbọ́ mi lè pé?

Rárá. Ẹ má dán an wò. Hesekáyà sunkún gbàdúrà, Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀, Àìsáyà tó jíṣẹ́ náà fún un ló tún ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lẹ oówo rẹ̀. Wòlíì ló pàṣẹ oògùn níbẹ̀. Mo mọ ẹni tí wọ́n ní kó kó oògùn rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ, ó kó o wá, apá òsì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́ títí dòní. Ẹ lo oògùn, ẹ gbàdúrà.

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń wá ọmọ. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá ló dí àdúrà mi lọ́nà.

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹ ṣí Lúùkù 1. Ẹsẹ 6 ní olódodo ni Sekaráyà àti Èlísábẹ́tì níwájú Ọlọ́run, wọn ò lẹ́gàn. Ẹsẹ 7 ní wọn ò bímọ. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ẹsẹ méjèèjì wà, ẹ fi ìka yín sórí wọn kẹ́ ẹ fi han ìyá ọkọ yín. (Ẹ má fi hàn án o, ẹ̀ ń gbélé kan náà. Ẹ kàn mọ̀ ọ́n sínú.) Nígbà tí áńgẹ́lì wá sọ fún Sekaráyà pé àdúrà rẹ̀ gbà, ọkùnrin náà ò lè gbà á gbọ́, ó ní òun ti dàgbà. Mo lérò pé ó ti pẹ́ tó ti dákẹ́ àdúrà yẹn, àmọ́ ẹni tó gbọ́ ọ kò tíì gbàgbé.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ṣé ọkọ yín ti ṣe àyẹ̀wò? Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa máa lọ sí ọsibítù. Àtọ̀ ọkùnrin náà máa ń níṣòro. Mo ti rí tọkọtaya tó gbààwẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kí ọkùnrin tó gbà láti lọ fún àyẹ̀wò kan ṣoṣo.

Jésù ò dá mi lóhùn rárá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Obìnrin ará Kénáánì ni kẹ́ ẹ lọ bá, Mátíù 15. Ó kígbe lórí ọmọ rẹ̀, Jésù ò fèsì, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní kó lé e lọ, nígbà tó wá fèsì ó ní òun ò tìtorí irú rẹ̀ wá, ó tún mẹ́nu ba ajá. Èmi ì bá ti bínú lọ sílé. Obìnrin náà ní òótọ́ ni, Olúwa, ṣùgbọ́n àwọn ajá náà a máa jẹ èérún tó bọ́ láti orí tábìlì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lé e ló gbá mú tó fi bẹ̀bẹ̀. N ò rí ẹlòmíì tó bá Jésù jiyàn nínú ìwé ìhìnrere tó sì borí.

Bí ó bá jẹ́ pé ìbínú ló wà nínú yín, ẹ sọ ọ́. Orin Dáfídì 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "yóò ti pẹ́ tó, Olúwa?" nígbà mẹ́rin láàárín ẹsẹ méjì. Ẹni tó ń bi Ọlọ́run pé "yóò ti pẹ́ tó" ṣì ń bá a sọ̀rọ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn dá àdúrà kan dúró?

Ìbéèrè yìí ni wọn kì í fẹ́ dáhùn lórí pẹpẹ. Mósè bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kóun rékọjá Jọ́dánì, Ọlọ́run ní ó tó gẹ́ẹ́, má bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́, Diutarónómì 3. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀gún kúrò lára òun, ohun tó gbọ́ ni "oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ," ẹ̀gún ò kúrò. Dáfídì sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méje torí ọmọ tó ń ṣàìsàn, ọmọ kú, ló bá dìde, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó lọ jọ́sìn, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ó ya àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu.

Torí náà ìdáhùn lè jẹ́ rárá, kò sì túmọ̀ sí pé ẹ ò gbàdúrà tó. Tí ìdáhùn bá ti hàn kedere, ẹ dìde, kẹ́ ẹ wẹ̀. Tí kò bá tíì hàn, ẹ ṣì máa wá. Àwọn àdúrà kan sì wà tí kò yẹ ká bẹ̀rẹ̀ rárá: ẹnì kan sọ fún mi pé ọdún kejì rèé tóun ti ń tẹra mọ́ àdúrà lórí ọkọ ọlọ́kọ. Mo ní kó dìde lórí eékún.

Ṣé kí n lọ sórí òkè?

Jésù náà lọ sórí òkè, ó fi gbogbo òru gbàdúrà. Àwa Yorùbá sì ní ìtàn tiwa níbẹ̀, àwọn tí wọ́n pè ní Aládùúrà. Ní 1918 tí àrùn fulú ń pa èèyàn káàkiri ayé, inú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn kan ti kóra jọ tí wọ́n ń gbàdúrà, Joseph Shadare àti Sophia Odunlami wà lára wọn. Láti ibẹ̀ ló ti ràn lọ, títí dé ìsọjí ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè Oyè, Iléṣà, ní 1930. Ẹ lọ tó bá wù yín, àmọ́ òkè kì í ṣe másìtì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò lágbára ju ti yàrá yín lọ. Tó bá jẹ́ owó iléèwé ọmọ lẹ fẹ́ fi wọkọ̀, ẹ jókòó sílé.

Oorun máa ń gbé mi lọ tí mo bá kúnlẹ̀.

Ó gbé Pétérù náà lọ. Ẹ dìde dúró, ẹ rìn káàkiri, ẹ gbà á lọ́sàn-án. Ẹ sì wá ẹni tẹ́ ẹ jọ máa gbà á. Ní 1727, àwọn Kristẹni kan tí wọ́n ń pè ní Moravian ní Herrnhut, ní Jámánì, ọkùnrin 24 àti obìnrin 24 pín wákàtí láàárín ara wọn tí àdúrà ò fi dáwọ́ dúró tọ̀sán-tòru, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tó tẹ̀ lé wọn fi ń ṣe é. Wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹnì kan ń gbé, wọ́n sì ń sùn.

Ọmọ mi ti kúrò lọ́nà, ó ní òun ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Mo ti sunkún títí.

Mónìkà, ìyá Augustine tó padà di bíṣọ́ọ̀bù láyé àtijọ́, ará Áfíríkà bíi tiwa ni, Àríwá Áfíríkà lọ́hùn-ún, ibi tá a mọ̀ sí Àlùjíríà lónìí. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi sunkún lórí ọmọ yẹn. Nígbà kan Augustine fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Róòmù, ìyá rẹ̀ ò fẹ́, ọmọ parọ́ fún un pé òun kàn fẹ́ sin ọ̀rẹ́ kan dé ìdí ọkọ̀ ni, ìyá wá sùn sí ibi ìjọsìn kan nítòsí, ó ń gbàdúrà kí ọmọ má lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ ti ṣí. Ẹ wo bí ìyẹn á ṣe dùn ún tó. Augustine fúnra rẹ̀ ló wá kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé Ọlọ́run ò ṣe ohun tí ìyá òun tọrọ lóru yẹn, kó lè ṣe ohun tó ti ń tọrọ látìgbà pípẹ́, torí ìlú Ítálì tí kò fẹ́ kó lọ yẹn náà ló ti gba Kristi. Wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní Mìláànù ní 387. Ìyá kú ní ọdún yẹn náà, ojú rẹ̀ ti rí i.

Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé tiyín náà á rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pè wá ní 2019, ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè kan lásán, Màámi ń ṣa ẹ̀wà lórí tiréè, fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú bí mẹ́ta. Ó ní òun ń jẹun. Kò sọ ibi tó wà, kò sì tíì wálé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo ti jáwọ́ pátápátá láti ọdún méjì. Ojú ń tì mí láti padà. Kí ni mo máa sọ?

Màámi náà jáwọ́ rí. Ọdún keje ni, ìgbà tí bàbá wa kú tí àbúrò mi ò wá sìnkú. Ó ti eksasáìsì yẹn bọ abẹ́ àwọn aṣọ inú àpótí, kò sì kúnlẹ̀ fún bí oṣù márùn-ún, a ò bá a sọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan mo wà ní pálọ̀, mo gbọ́ ìró eékún rẹ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, mo dúró kí n gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ tó fẹ́ bẹ̀ Ọlọ́run lẹ́yìn gbogbo oṣù yẹn. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Olúwa, èmi náà ni o. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi yẹn náà la tún bá wá."